Orí Kẹsàn-án Tí A Fò

Ní ọdún 2002, nígbà tí mo wà ní JSS2 ní Ìbàdàn, olùkọ́ Integrated Science wa ṣí ìwé dé orí kẹsàn-án, ó wò ó, ó wo ojú wa, ó ní, "Ẹ máa lọ ka èyí nílé. Ó yá, ẹ ṣí orí kẹwàá." Orí kẹwàá dá lórí iná mànàmáná. A rẹ́rìn-ín títí, torí kò sí ẹni tí kò tíì wo àwòrán tó wà ní orí kẹsàn-án láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra ìwé náà fún un. Èmi ò kà á nílé o. Ta ló fẹ́ kí bàbá òun ká òun mọ́ irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀?

Ohun tí a kò mọ̀ lọ́jọ́ náà, tí mo sì fura pé olùkọ́ wa pàápàá kò mọ̀, ni pé ìjọba àpapọ̀ ti ní ètò ẹ̀kọ́ odindi lórí ohun tó ní kí a lọ kà nílé yẹn. Ọdún 2001 ni wọ́n gbé e jáde, ọdún tí mo wọ JSS1 gan-an. Ó wà lórí ìwé. Kò dé kíláàsì tiwa.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe jẹun, n kì í ṣe òpìtàn. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ wa, bí ètò kan kò bá ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, a kì í kàn jókòó máa bú u. A máa ń padà lọ wo àkọsílẹ̀ àtúnṣe rẹ̀: ìlà wo ni wọ́n yí padà, ìgbà wo ni, kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ ka ìtàn ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ Nàìjíríà nìyí. Mo tún ní ìdí kan tó kàn mí fúnra mi, màá sọ ọ́ tí mo bá débẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì wa. Ó mọ ìṣirò jù mí lọ, ìyẹn sì máa ń bí mi nínú. Òun ló ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ẹni tó bá mu omi iyọ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kò lè lóyún. Ibi tó ti gbọ́ ọ, n ò mọ̀. Nígbà tí a fi máa wọ JSS3, àga rẹ̀ ti ṣófo. Àwọn àgbà àdúgbò ní ìṣekúṣe ló ṣe. Ọmọkùnrin tí gbogbo wa mọ̀ pé òun ló ni oyún náà jókòó ṣe Junior WAEC pẹ̀lú wa. Ó sì yege.

Àwọn kan á sọ pé Yorùbá kì í sọ irú ọ̀rọ̀ yìí síta, pé òyìnbó ló gbé e wá. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ẹ ò lè sọ ìyẹn fún mi. Lọ́jọ́ ọdún Òkèbàdàn, ọjọ́ tí wọn kì í dáná láàárín ìlú, àgbàlagbà á fi ìlù síwájú, wọ́n á máa kọrin okó àti òbò kiri àdúgbò, tọkùnrin tobìnrin, ọmọdé á tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó máa nà wọ́n. Tó bá di ọjọ́ kejì, kí ọmọ ọdún mẹ́fà kan ṣèèṣì pe ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn nínú ilé, ìgbátí ló máa fi gbà. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò nínú èdè wa rí. Ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún la kàn fún un.

Àwọn baba wa náà ní ètò tiwọn, ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ wọn. Bí ìyàwó bá wọlé ọkọ, wọ́n á tẹ́ aṣọ funfun sórí ibùsùn. Bí wọ́n bá bá a nílé, wọ́n á fi aṣọ náà àti ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí àwọn òbí rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Bí wọn ò bá bá a nílé, agbè ẹmu tí kò kún tàbí páálí ìṣáná tí wọ́n ti lò dé ìdajì ni wọ́n á fi ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ ti yé gbogbo ẹbí nìyẹn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣètò ìdánwò náà fínnífínní: ọjọ́ rẹ̀ wà, ẹlẹ́rìí wà, ẹ̀bùn wà, ìtìjú wà. Obìnrin nìkan ló sì ń jókòó ṣe é. Ní ti ẹ̀kọ́ tó yẹ kó ṣáájú ìdánwò, òwe ni, ìkìlọ̀ ni, ojú ni wọ́n fi ń sọ ọ́.

Mo rò pé ó ṣiṣẹ́ dé àyè kan nígbà náà, ìdí rẹ̀ sì rọrùn. Àkókò tó wà láàárín ìgbà tí ọmọbìnrin bàlágà àti ìgbà tó ń wọlé ọkọ kò gùn. Ilé-ẹ̀kọ́ ló fà á gùn. Lónìí, ọmọ lè bàlágà ní ọdún méjìlá, kó lo ọdún mẹ́fà ní sẹ́kọ́ńdírì, kó dúró dè JAMB, kó lọ sí yunifásítì, kí ASUU dá iṣẹ́ sílẹ̀, kó sin ìjọba, kó tó wáṣẹ́. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè kọjá kó tó gbé aṣọ ẹbí. Ilé-ẹ̀kọ́ tó dá àyè yẹn sílẹ̀ ló tún ní kí a lọ ka orí kẹsàn-án nílé.

Ilé náà kọ́? Gbólóhùn kan ṣoṣo ni bàbá mi fi kọ́ mi: "Bí o bá fún ọmọ ọlọ́mọ lóyún, màá lé ìwọ àti òun síta." Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gba tirẹ̀ lẹ́nu màámi lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù: "Láti òní lọ, tí ọkùnrin bá fọwọ́ kàn ẹ́, oyún ni o." Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kọ̀ńdọ́ dánfó kan fún un ní ṣéńjì, ọwọ́ wọn kanra. Ẹ̀gbọ́n mi ò jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà. A ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nísinsìnyí, ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé odindi oṣù kan lòun fi ń wo ikùn òun nínú dígí.

Àrùn ló fipá la ẹnu ìjọba. Ní 1986 ni wọ́n kéde pé éèdì ti wọ Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní àrùn òyìnbó ni, ọgbọ́n kí aláwọ̀ dúdú má baà bímọ ni. Fela Aníkúlápó-Kútì wà lára àwọn tí kò gbà pé ó wà, ó tilẹ̀ kọrin tako kọ́ńdọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1997, Fela kú ní Èkó. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà ọmọdé tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, kojú àwọn oníròyìn, ó sì sọ ohun tó pa àbúrò òun. Ó ní éèdì ni.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń kéde òkú. "Lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́." Àìsàn ránpẹ́ yẹn ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn nílẹ̀ yìí tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ di òní. Ẹbí Ransome-Kuti kì í ṣe ẹbí kékeré, Fela kì í ṣe òkú kékeré, àǹfààní wà láti fi àìsàn ránpẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ọkùnrin náà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Mo rántí pé bàbá mi yí rédíò sílẹ̀ nígbà tí ìròyìn náà ń lọ, ó wo ibi tí àwa ọmọ jókòó sí, ló bá tún yí i sókè. Kò sọ nǹkan kan. Bóyá ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbà nínú ilé wa nìyẹn.

Ohun tí rédíò ń pe àrùn náà ni "àrùn kògbóògùn éèdì." Orúkọ yẹn fúnra rẹ̀ ti dá ẹjọ́ tán. Ó ní má ṣe wulẹ̀ lọ yẹ ara rẹ wò, torí kí lo fẹ́ fi èsì ṣe? Ní 2002, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í pín oògùn tó ń tẹ kòkòrò náà lórí ba, ẹni tó bá ń lò ó déédéé sì lè pẹ́ láyé. Orúkọ náà kò yí padà. Títí di òní, ẹ ṣì máa gbọ́ "kògbóògùn" lórí afẹ́fẹ́.

Kí Fela tó kú làwọn kan ti ń ṣiṣẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́. Ní 1989, Nike Esiet, tó jẹ́ oníròyìn, àti ọkọ rẹ̀, Dókítà Uwem Esiet, dá Action Health Incorporated sílẹ̀ ní Èkó, kí àwọn ọ̀dọ́ lè rí ibi tí wọ́n á ti béèrè ọ̀rọ̀ ara wọn. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ SIECUS gbé ìlànà ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ jáde ní 1991. Àwọn Esiet kó àwọn èèyàn jọ láti oríṣiríṣi ẹgbẹ́ àti iléeṣẹ́ ìjọba, wọ́n jókòó ti ìlànà náà, wọ́n tún un ṣe fún ilẹ̀ wa, tiwọn sì jáde ní 1996. Òpó mẹ́fà ló gbé e ró: ìdàgbàsókè ara, àjọṣe láàárín èèyàn, ọgbọ́n tí èèyàn fi ń dá pinnu fún ara rẹ̀, ìhùwàsí ìbálòpọ̀, ìlera ìbálòpọ̀, àti àwùjọ òun àṣà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mẹ́fà yẹn sọ́kàn.

Ní 1999, Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ lórí Ètò Ẹ̀kọ́, níbi tí mínísítà àti àwọn kọmíṣọ́nnà ìpínlẹ̀ ti ń jókòó pọ̀, fọwọ́ sí i pé kí ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́. Àjọ NERDC, tó ń kọ ètò ẹ̀kọ́ fún gbogbo Nàìjíríà, sì gbé tiwọn jáde ní 2001. Orúkọ tí wọ́n fún un kò fi nǹkan kan pamọ́: National Sexuality Education Curriculum. Ó bọ́ sí àkókò tí ẹ̀rù ti ń ba ìjọba. Ìwádìí tí wọ́n ń ṣe láàárín àwọn aboyún fi hàn pé ìdá 1.8 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní kòkòrò HIV ní 1991. Nígbà tó fi máa di 2001, ó ti di 5.8. Oṣù kẹrin ọdún kan náà làwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà wá ṣèpàdé lórí éèdì ní Àbújá.

Ariwo sọ. Àwọn òbí kan, àwọn olórí ẹ̀sìn, àwọn èèyàn ìlà Àríwá ní pàtàkì, ní wọ́n fẹ́ kọ́ ọmọ àwọn ní àgbèrè. Orúkọ yẹn, "sexuality," ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Wọ́n gbé e padà lọ tún ṣe. Ní 2003, ó jáde lórúkọ mìíràn: Family Life and HIV Education. Ẹ̀kọ́ ìgbé-ayé ẹbí àti kòkòrò HIV.

Irú ibi báyìí ni iṣẹ́ mi ti wúlò. A ní irinṣẹ́ kan tó máa ń gbé fáìlì àtijọ́ àti tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, á fi pupa kun ohun tí wọ́n yọ, á fi àwọ̀ ewé kun ohun tí wọ́n fi kún un. Mo gbé àkòrí méjèèjì síbẹ̀. Mẹ́fà ti di márùn-ún. Ìdàgbàsókè ara ṣì wà, àjọṣe ṣì wà, ọgbọ́n ìpinnu ṣì wà, àwùjọ òun àṣà ṣì wà. Ìhùwàsí ìbálòpọ̀: pupa, ó ti lọ. Ìlera ìbálòpọ̀: pupa, wọ́n fi "àkóràn HIV" rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìfètòsọ́mọbíbí náà, wọ́n gé e kù díẹ̀. Wọ́n sì ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tún un ṣe bó bá ṣe bá àṣà rẹ̀ mu, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó bá tún fẹ́ gé nǹkan kúrò ní àyè láti gé e.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí pààrọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Níbi tó yẹ kí wọ́n ti sọ fún ọmọ pé ara rẹ̀ jẹ́ ohun tó ní ìlera, wọ́n sọ fún un pé ara rẹ̀ jẹ́ ibi tí àrùn ń gbà wọlé. Ẹ̀rù ló bá wa ṣí ilẹ̀kùn, ẹ̀rù náà ló sì wọlé lọ jókòó sórí àga olùkọ́. Síbẹ̀, n kò ní bú àwọn tó ṣe pààrọ̀ náà. Bí wọn ò bá gé e, bóyá kì bá tí wọ kíláàsì kankan láéláé. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Èmi náà ti yọ nǹkan tó dára kúrò nínú ètò rí kí ọ̀gá lè buwọ́ lù ú.

Ìpínlẹ̀ Èkó ló kọ́kọ́ gbé e dé kíláàsì ní pẹrẹu. Láti 2003 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà àti Action Health ti jọ ń ṣe é ní JSS ìjọba. Wọn ò wá àkókò ọ̀tọ̀ fún un lórí tábìlì iṣẹ́, torí kò sí àyè. Inú Integrated Science àti Social Studies ni wọ́n fi í sí, wọ́n sì kọ́ àwọn olùkọ́ iṣẹ́ méjèèjì yẹn bí wọ́n á ṣe kọ́ ọ. Kíkọ́ olùkọ́ yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà. Olùkọ́ jáde láti irú ilé tí èmi jáde láti inú rẹ̀. Òun náà gba ìgbátí lórí ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tó wà lọ́mọdé. O ò lè fi lẹ́tà ìjọba lásán sọ fún ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta pé láti ọ̀la lọ, kó dúró níwájú ọgọ́ta ọmọ, kó pe orúkọ nǹkan ọmọkùnrin láì wo ilẹ̀. Ẹni tó fò orí kẹsàn-án wa, ibi tí mo bá a dé nìyẹn o: wọ́n fún un ní ìwé, wọn ò fún un ní ẹnu.

Láti 2007, wọ́n dán nǹkan mìíràn wò, èyí tó wù mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Wọ́n pè é ní Learning about Living. OneWorld UK, NERDC, àti àwọn ẹgbẹ́ Nàìjíríà mìíràn sọ ètò ẹ̀kọ́ náà di ohun tí ọmọ lè fi kọ̀ǹpútà kọ́, pẹ̀lú àwòrán àti ìtàn. Wọ́n fi ohun kan kún un tí wọ́n pè ní MyQuestion: ọmọ lè fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ lórí fóònù pẹ́ńpẹ́, kó béèrè ohun tó bá fẹ́ láì sọ orúkọ, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dá a lóhùn. Kò sí ojú láti wò. Kò sí kíláàsì tó máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀ ní yunifásítì, mo rántí omi iyọ̀. Tẹ́ẹ̀sì kan péré ni.

Ó wá kan tèmi.

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe ápù fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì. Bí iṣẹ́ àmúrelé bá ta kókó, ọmọ á tẹ ìbéèrè, olùkọ́ kan á dáhùn. Àwọn tó fẹ́ ra ápù náà ní àwọn kò fẹ́ ìsọkúsọ lórí rẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣe asẹ́ rẹ̀. Mo jókòó nírọ̀lẹ́ kan, mo to ọ̀rọ̀ èèwọ̀ jọ ní Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá àti Píjìn. Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń tò wọ́n. Gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ lórin lọ́jọ́ Òkèbàdàn ni mo kó síbẹ̀, mo fi ẹ̀yà ara tó kù kún un. Ìbéèrè tí ọ̀kan nínú wọn bá wà nínú rẹ̀, ètò náà á jù ú nù. N kò ní kó sọ fún ẹni tó fi ránṣẹ́ pé kò dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ìyẹn ló mọ́gbọ́n dání jù, kí ọmọ má baà wá ọ̀nà mìíràn kọ ìsọkúsọ rẹ̀.

Ó lé lóṣù méjì kí n tó ṣí ibi tí àwọn ohun tó jù nù wà. Ìsọkúsọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò sì pọ̀. Iṣẹ́ àmúrelé báyọ́lọ́jì ló pọ̀ jù, torí ìwé wọn ní ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn nínú. Àwọn kan ń béèrè nípa nǹkan oṣù. Ọ̀kan sọ pé olùkọ́ lẹ́sìnnì òun máa ń fọwọ́ kan òun lọ́mú, ó sì béèrè bóyá ó burú, torí olùkọ́ náà ní kò burú. "Ọmú" wà lórí àkójọ mi, ìlà kejìdínlógún. Ìbéèrè náà ti lo ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá níbẹ̀.

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá wa lójú ẹsẹ̀. A pe nọ́ńbà tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀. Kò lọ. A pè é fún ọjọ́ mẹ́ta, a fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́, a kọ̀wé sí ẹni tó ta ápù náà fún ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Ọmọ náà kò ṣí ápù yẹn mọ́ láti ọ̀sẹ̀ kejì tó ti béèrè. Ó ṣeé ṣe kó rò pé a rí i, pé a kàn dákẹ́ ni.

Mo ti ń bínú sí olùkọ́ Integrated Science wa láti ọdún gbọọrọ. Ọjọ́ yẹn ni mo ṣíwọ́. Òun fò orí kan. Èmi kọ ètò tó ń bá gbogbo ènìyàn fò ó, tọ̀sán-tòru, láì rẹ̀ ẹ́.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ kan. Ní 2014, Àjọ Ètò Ìkànìyàn àti UNICEF wà lára àwọn tó ṣe ìwádìí jákèjádò Nàìjíríà lórí ìwà ipá sí ọmọdé. Ọmọbìnrin kan nínú mẹ́rin, ọmọkùnrin kan nínú mẹ́wàá, ló ti rí ìwà ipá ìbálòpọ̀ kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ìwádìí NDHS ọdún 2018 sì fi hàn pé ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mọ́kàndínlógún ló ti bímọ tàbí tí wọ́n lóyún àkọ́bí. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé ẹ̀kọ́ ló máa ṣí ọmọ lójú ò fẹ́ wo nọ́ńbà wọ̀nyí dáadáa. Ẹlòmíràn ti ń ṣí wọn lójú.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, Adamu Adamu, pàṣẹ fún NERDC pé kí wọ́n yọ ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ kúrò nínú ètò ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti JSS. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún òbí àti ilé ìjọsìn. N kò sọ pé òbí ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Òbí ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ti sọ ohun tí bàbá mi sọ, mo ti sọ ohun tí màámi sọ, wọn kì í sì í ṣe òbí burúkú. Àti pé nígbà tó bá jẹ́ pé inú ilé gan-an ni ẹni tó ń fọwọ́ kan ọmọ wà ńkọ́? Ta ni ọmọ yẹn máa bi?

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé oṣù yẹn náà, mínísítà yẹn náà, ló kéde ìlànà èdè tuntun: kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Inú èmi tí mò ń kọ Yorùbá dùn dé orí. Lẹ́yìn náà ni mo wá ń rò ó. Ọ̀rọ̀ wo la máa fi kọ́ wọn ní ẹ̀yà ara? "Ojú ara"? "Abẹ́"? "Nǹkan rẹ"? Dókítà tàbí ọlọ́pàá tó bá bi ọmọ léèrè pé ibo ni wọ́n ti fọwọ́ kàn ọ́, tí ọmọ náà sì dáhùn pé "nǹkan mi," kí ló fẹ́ kọ sílẹ̀? Kì í ṣe pé èdè náà kò lè gbé e. Àwọn onímọ̀ èdè ti ṣe ìwọ̀n tiwọn. "Kòkòrò apa sójà ara" tí wọ́n ń pe HIV báyìí ṣàlàyé iṣẹ́ tí kòkòrò náà ń ṣe ju lẹ́tà mẹ́ta Gẹ̀ẹ́sì yẹn lọ, kò sì ran "kògbóògùn" lọ́wọ́ láti máa dẹ́rù bà wá. Okó àti òbò ò tiẹ̀ nílò kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀dá wọn. Wọ́n ti wà nílẹ̀ kí Ìbàdàn tó di ìlú.

Mo ti fi iléeṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Kí n tó lọ, mo tún asẹ́ náà ṣe. Kò ju nǹkan kan nù mọ́. Ìbéèrè tí ọ̀rọ̀ ara bá wà nínú rẹ̀, obìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń lọ bá, ọmọ náà sì máa ń rí i pé ó ti dé. Ìlà kejìdínlógún ṣì wà nínú àkọsílẹ̀ àtúnṣe, ó pupa, orúkọ mi wà níwájú rẹ̀.

Nílé, èmi àti ìyàwó mi ti jọ fà á títí lórí ohun tí a máa kọ́ ọmọ wa obìnrin. Òun fẹ́ "ojú ara." Èmi ní ká pe nǹkan lórúkọ. Èmi ni mo borí, tàbí kí n sọ pé ó rẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà pé ọdún mẹ́ta nínú oṣù kẹfà, a gbé e lọ kí màámi ní Ìbàdàn. Màmá Ìbàdàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, wọ́n ń fi ẹ̀yà ara bá a ṣeré, wọ́n á ní níbo ni imú wà, ọmọ á fọwọ́ kan imú. Etí. Èjìká. Ikùn. Bí wọ́n ṣe ń ronú èyí tó kàn, ọmọ náà bá wọn sọ tirẹ̀ síta ketekete, ó fi òbò kún un lẹ́yìn ikùn, bí ìgbà tó ń ka ABD.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti ń to ohun tí mo fẹ́ fi gbèjà ara mi lọ́kàn. Màámi wò mí. Wọ́n wo ọmọ náà. Wọ́n gbá ìró wọn mú, wọ́n tún ìjókòó wọn ṣe.

"Orúnkún ńkọ́?" ni wọ́n wí.